Ọdún Méje Lọ́dọ̀ Àwọn Jámánì

Kò sí ọmọ Yorùbá tó gbé Tyrrelstown, ní Dublin, nígbà náà tí kò mọ Nosiru, ọkọ Ṣubúọlá. Bí ẹ bá pe Nosiru lásán, wọ́n lè bi yín pé Nosiru wo nínú mẹ́rin, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ní "Bàbá Jámánì", ọmọdé pàápàá á nàka sílé rẹ̀ fún yín. Ọkùnrin kúkúrú, onírùngbọ̀n ṣókí, tó máa ń rìn bíi pé ẹnì kan ń ya fọ́tò òun láti ẹ̀yìn. Iṣẹ́ táìlì ló ń ṣe. Kì í ṣe iṣẹ́ àbùkù rárá, àgàgà ní Dublin láyé ọlà yẹn, tí owó gun àwọn ará Ireland lórí bí ọtí, tí wọ́n á fi òòlù tú táìlì ilé ìdáná tí kò tíì pé ọdún méjì dànù, nítorí pé aládùúgbò ti tẹ́ èyí tó dán ju tiwọn lọ.

Mọ́tò funfun kan ló fi ń ṣiṣẹ́. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà pupa: FAULPELZ TILES, DUBLIN 15. Bí ẹ bá bi í pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́ ná, á fọwọ́ pa irùngbọ̀n, á wá ní, "Fáúpẹ́sì. Èdè Jámánì ni. Ọ̀gá nídìí iṣẹ́ ọwọ́ ló túmọ̀ sí. Àwọn òyìnbó tí mo bá ṣiṣẹ́ ló fi dá mi lọ́lá." Obìnrin Jámánì kan tó ń gbé fúláàtì ní Phibsborough pè é wá tún balùwẹ̀ ṣe lọ́jọ́ kan. Bí obìnrin náà ṣe yọjú lójú fèrèsé tó rí mọ́tò yẹn, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀. Nosiru délé, ó ní, "Àárò ilé ló mú obìnrin yẹn. Ó rí èdè wọn, ló bá bú sẹ́kún."

Jámánì yìí kò sì dúró sára mọ́tò o. Ó wọnú ilé. Bí Ṣubúọlá bá fẹ́ kun pálọ̀ ní àwọ̀ ewé, "Ní Jámánì, funfun ni wọ́n ń kùn." Bí Nàbílà, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, bá pẹ́ nídìí tẹlifíṣọ̀n, "Ní Jámánì, aago mẹ́jọ lọmọ ń sùn." Ṣubúọlá kọ́ mọ́tò, ó gba láísẹ́ńsì, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ kò dọ́wọ́ rẹ̀ rí, nítorí pé ní Jámánì, obìnrin tó bá ti ní ọkọ kì í wa ọkọ̀. Ta ló fẹ́ bá a jiyàn? Nínú ilé náà, kò sẹ́lòmíì tó ti débẹ̀. Ṣubúọlá á kàn ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá Nàbílà," á sì gbé ọ̀dà àwọ̀ ewé náà padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ jẹ́ ká tètè tú òótọ́ ọ̀rọ̀ náà ká, nítorí Nosiru fúnra rẹ̀ kò ní fínnúfíndọ̀ sọ ọ́ láéláé. Nosiru kò fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Jámánì rí. Iléeṣẹ́ àwọn Jámánì kan ló ń la títì lápá Kàlàbá láyé ìgbà kan. Wọ́n kọ́ káńpù sínú igbó, wọ́n ń gba lébìrà. Ibẹ̀ ni Nosiru ti po sìmẹ́ńtì fún ọdún méje, tó ń gbá ọ́fíìsì fọ́máànù láàárọ̀, tó sì ń sá sábẹ́ igi máńgòrò sùn lọ́sàn-án. Láràárọ̀ ni fọ́máànù, òyìnbó onírun pupa kan, máa ń kí i pé, "Guten Morgen, Faulpelz!" Ó tiẹ̀ fi yíǹkì kọ ọ́ sí iwájú àṣíborí rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́, wọ́n ti sọ fún Nosiru pé "ẹ káàárọ̀" ni. Èyí tó tẹ̀ lé e ńkọ́? Ẹni tí wọ́n bí sí Ìsẹ́yìn mọ̀ pé a kì í kí èèyàn kó dúró báyẹn, oyè tàbí oríkì ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Oyè ni, kí ló tún lè jẹ́?

Nígbà tó wá padà sí Ìsẹ́yìn pẹ̀lú bàtà aláwọ líle àti àṣíborí yẹn, wọ́n bi í pé níbo ló wà látọjọ́ yìí. Ó ní, "Ọ̀dọ̀ àwọn Jámánì ni mo wà." Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ "ọ̀dọ̀" ṣe rí lẹ́nu wa, kò ní ògiri, kò ní ilẹ̀kùn, ibi tó bá wu èèyàn ló lè gbà wọlé síbẹ̀. Kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná, "ọ̀dọ̀ àwọn Jámánì" ti di "ìlú Jámánì" jákèjádò àdúgbò. Bàbá Ṣubúọlá, tó ti lé ọkùnrin méjì dànù, ní ẹni tó ti rí òkè òkun lòun máa fọmọ fún. Nosiru wo ọmọbìnrin náà, ó rí i pé ó dára. Kò wá rídìí tí òun fi gbọ́dọ̀ máa ṣàtúnṣe ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe òun ló bà á jẹ́.

Ibo ló ti ń rí gbogbo ìròyìn tó ń ròyìn? Kàlẹ́ńdà ni. Ó wà lára ògiri ọ́fíìsì fọ́máànù: àwọn ìlú àtijọ́ ilẹ̀ Jámánì, ìlú kan fún oṣù kan. Fọ́máànù kò yọ ọ́ kúrò fún ọdún méje, Nosiru sì mọ oṣù méjèèjìlá náà sórí. Oṣù kẹjọ ló fẹ́ràn jù: ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Rothenburg, oríta kan níbẹ̀, ilé yẹ́lò tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín ọ̀nà méjì, ìyá arúgbó kan ń bomi rin òdòdó lójú fèrèsé. Ìyẹn ló di ilé tí Nosiru gbé. Ìyá arúgbó náà di Ìyá Gẹ́rẹ́tà, ìyá onílé, tó ń se ọ̀dùnkún fún un nígbà òtútù, tó ń pè é ní "ọmọ mi". Ṣubúọlá ti gbọ́ ìtàn Ìyá Gẹ́rẹ́tà tó ẹgbẹ̀rún ìgbà. Ó máa ń dárúkọ rẹ̀ nínú àdúà.

Ọdún tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù àgbáyé ní Jámánì ni wàhálà dé. Nosiru ń tẹ́ táìlì fún ọkùnrin ará Ireland kan tó ń jẹ́ Gẹ́rì, kọ́lékọ́lé tí owó ti sọ ojú rẹ̀ di pupa. Gẹ́rì ní ilé méjì ní Bulgaria tí kò tíì fojú rí, ó sì ní kámpà kan, ìyẹn mọ́tò gbẹ̀ǹgbẹ̀ tó ní bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú, èyí tó rà torí pé àbúrò rẹ̀ ra ọ̀kan. Alẹ́ kan péré ló fi sùn nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Ṣubúọlá gbé oúnjẹ ọ̀sán wá, Gẹ́rì lu ara kámpà náà gbà-gbà, ó ní, "Nosiru, gbé mọ́tò yìí lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìwọ tó o gbé Jámánì, o mọ gbogbo ọ̀nà. Gbé ìyàwó ẹ lọ wo àwọn ìlú àtijọ́ yẹn. It'll be grand."

Nosiru la ẹnu láti ní rárá. Ṣubúọlá ti pariwo "Alhamudulilai!" kó tó rí ohùn.

Láti ọjọ́ yẹn, oorun kúrò lójú Nosiru. Ohun tó ń bà á lẹ́rù kò ju ẹyọ kan lọ: bí ọ̀rọ̀ yìí bá tú, ẹnu tó fi ń pàṣẹ nínú ilé rẹ̀ ti di ẹnu lásán nìyẹn. Kò ní igi mìíràn tó máa fẹ̀yìn tì. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ṣubúọlá ní bẹ́ẹ̀dì wà nínú kámpà. Ó ní iṣẹ́ pọ̀. Gẹ́rì fúnra rẹ̀ ló ní kó lọ. Ó ní òtútù Jámánì kò dáa fún ọmọdé.

"Nínú oṣù kẹjọ?" ni Ṣubúọlá wí. "Ṣé ẹ̀yin náà kọ́ lẹ ní oṣù kẹjọ ibẹ̀ dà bí àlùjánnà?"

Fọ́ọ̀mù físà, inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ti kọ ọ́, tó ti ilẹ̀kùn pa, torí ìbéèrè kan wà níbẹ̀ pé ṣé o ti dé Jámánì rí. A lè purọ́ fún ìyàwó, a lè purọ́ fún àna, ṣùgbọ́n ta ló máa purọ́ Jámánì fún Jámánì? Ó fi máàkì sí "Rárá", ó sì lẹ ẹnu àpòòwé náà pa kó tó jáde.

Ó délé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ó bá Ṣubúọlá tó ń ká aṣọ kan sínú báàgì. Òfì ni, ti ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé, èyí tí ìyá náà fọwọ́ ara rẹ̀ hun.

"Ìyẹn ńkọ́?" ni Nosiru bi í.

"Ti Ìyá Gẹ́rẹ́tà ni. Ẹni tó bọ́ ọkọ mi fún ọdún méje, ṣé ọwọ́ òfìfo ni mo fẹ́ lọ fi kí i?"

"Ìyá Nàbílà, ìyá yẹn ti dàgbà nígbà náà. Ó ṣeé ṣe kó ti kú."

"Bó bá ti kú, a ó bá ọmọ rẹ̀. Bí kò bá bímọ, a ó bá ẹni tó jogún ilé. Oore kì í ṣègbé."



Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Rosslare, wọ́n sọ̀ sí Faransé. Ara Nosiru kọ́kọ́ yá, torí ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà bíi ti Nàìjíríà, ló bá ń wakọ̀ bí ẹni tó ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí wọ́n wọ Jámánì, ó sọ gíláàsì kalẹ̀, ó fa afẹ́fẹ́ símú, ó ní, "Ẹ gbóòórùn yẹn! Kò tíì yí padà."

Nàbílà fi imú pa mọ́ sínú ṣẹ́ẹ̀tì. "Daddy, that's cow."

Ní Heidelberg, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n kọ FAULPELZ sí láyà, ó jáde bí ọba tó ń lọ wo oko. Àwọn ọmọ yunifásítì ń fọwọ́ tọ́ ara wọn. Ọ̀kan ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kóun bá a ya fọ́tò; kí wọ́n tó mọ̀, ó ti di mẹ́fà. Wọ́n dì mọ́ ọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbé àtàǹpàkò sókè. Nosiru fi èjìká tọ́ ìyàwó rẹ̀. "Ṣé o rí i? Wọn kò gbàgbé mi."

"Àwọn ọmọ ogún ọdún yìí?" ni Ṣubúọlá wí. "Wọn kò tíì já lẹ́nu ọmú nígbà tẹ́ ẹ wà níbí."

"Àwọn òbí wọn ló sọ fún wọn."

Bàtànì ìrìn àjò náà kò pẹ́ tó fi hàn. Bí wọ́n bá dé ìlú kan tó wà nínú kàlẹ́ńdà, Nosiru á sọ̀rọ̀ títí ẹnu á fi gbẹ. Bí kò bá sí níbẹ̀, á ní ìlú yẹn kò ní láárí. Ọ̀nà gbé wọn dé iwájú pátákó kan tí wọ́n kọ Bad Wimpfen sí, ìlú olódi kékeré kan tí ilé ìṣọ́ rẹ̀ yọ sójú ọ̀run. Ṣubúọlá ní kí wọ́n yà. Nosiru ní ká má rí i.

"Ìlú burúkú ni. Ẹ wò ó, àwọn fúnra wọn kọ ọ́ síbẹ̀. Orúkọ a máa ro èèyàn, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti odindi ìlú."

Nàbílà kò gbé ojú kúrò nínú ìwé tó ń kà. Ó ní kì í ṣe burúkú, ìwẹ̀ ló túmọ̀ sí, torí omi ìwòsàn ibẹ̀. Olùkọ́ Jámánì àwọn ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Olùkọ́ yín," ni Nosiru wí, ó yínmú. "Ó ti débẹ̀ rí?"

"She's from there, Daddy."

Nosiru tẹ iná mọ́ kámpà, ìlú náà di ẹ̀yìn.

Ohun mìíràn tún wà tí Gẹ́rì kò rò. Abẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kámpà, àpótí ike kan ló ń gba ẹ̀gbin níbẹ̀. Gẹ́rì ní ó lè lo ọjọ́ mẹ́rin kó tó kún. Bẹ́ẹ̀ ni, fún àwọn tó ń fi bébà nu ara wọn. Ìdílé Nosiru ń lo bùtà. Bùtà kan bí wọ́n bá wọlé, òmíràn kí wọ́n tó jáde, ká tó sọ ti àlùwàlá lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ tó ń mu omi bí ilẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ojoojúmọ́ ni àpótí náà ń kún dẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni Bàbá Jámánì ṣe wọ gbogbo ìlú àtijọ́ ilẹ̀ Jámánì, pẹ̀lú àpótí ẹ̀gbin lọ́wọ́, tó ń tẹ̀ lé pátákó tí kò lè kà.

Wọ́n dé Rothenburg. Wọn kì í jẹ́ kí kámpà wọ inú odi, wọ́n ní kí wọ́n gbé e síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Nosiru gbé àpótí rẹ̀, aya àti ọmọ tẹ̀ lé e pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi. Ẹ̀rọ omi méjì ló wà níbẹ̀, pátákó sì wà lórí kálukú.

"Èwo ni ká dà á sí?" ni Ṣubúọlá bi í.

Nosiru wo pátákó, ó mi orí bí ẹni tó ń ka lẹ́tà láti ilé. "Eléyìí ni. Wọ́n ní kí gbogbo àlejò máa dà á síbí."

Ó ti ń ṣí ìdérí rẹ̀ nígbà tí obìnrin kan sáré bọ̀ láti inú kámpà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ajá kékeré kan ń sá tẹ̀ lé e, ó ń ju ọwọ́ méjèèjì, ó ń pariwo. Omi mímu ni gbogbo wọn ń pọn níbẹ̀. Nosiru kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, ṣùgbọ́n ó rí i pé ojú aya òun wà lára òun. Ó gbé àpótí kalẹ̀, ó fọwọ́ lé àyà, ó tẹríba fún obìnrin náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Guten Morgen, Fáúpẹ́sì!"

Obìnrin náà dákẹ́ lójijì. Ó wo Nosiru, ó wo ṣẹ́ẹ̀tì àyà rẹ̀, ó wo àpótí. Ó bi í ní ìbéèrè kan wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Nosiru rẹ́rìn-ín, ó nàka sí obìnrin náà, ó tún un sọ ketekete: "Fáúpẹ́sì." Obìnrin náà fa ajá rẹ̀, ó sì padà sínú kámpà rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

"Inú rẹ̀ dùn," ni Nosiru wí. "Kò retí pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà."

Ṣùgbọ́n Nàbílà ti yọ ìwé atúmọ̀ èdè kékeré kan jáde nínú báàgì. Ó ń ṣí i, ó ń wá F, ó tún ń wo ṣẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ̀ kó má baà ṣi lẹ́tà. Ó rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì, kò lè mí.

"Kí ló wí?" ni Ṣubúọlá bi í.

"Lazybones, Mammy!" Ó fi ẹsẹ̀ janlẹ̀. "Ọ̀lẹ! Ó kọ ọ̀lẹ sára van! He drives around Dublin in it!"

Gbogbo ọ̀nà tí mọ́tò funfun náà ti gbà láti Clondalkin dé Phibsborough wá sí Nosiru lọ́kàn, ilé lé ilé. Ó ń dúró de ẹ̀rín ìyàwó rẹ̀.

Ṣubúọlá kò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó gbá Nàbílà lẹ́yìn orí díẹ̀, ó ní, "Dákẹ́! Ṣé bàbá rẹ lò ń fi ṣẹ̀sín? Àwọn òyìnbó ibi iṣẹ́ ló fi í wọ́lẹ̀ báyẹn, tó jẹ́ pé ọdún méje ni wọ́n fi ń bú u lójú ara rẹ̀." Ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. "Ẹ má dá wọn lóhùn, Bàbá Nàbílà. Ẹ wò ó, ẹnì kan ṣoṣo ló ṣe yín lóore ní gbogbo ìlú yìí. Ẹ lọ pààrọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì. Òní yìí náà la máa lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Gẹ́rẹ́tà."

Bó bá jẹ́ èébú ni, ara Nosiru ìbá gbà á. Àánú yìí ló pa á. Àyè wà fún un láti jẹ́wọ́ níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, níbi tí kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá ju àwọn mẹ́ta lọ. Kò jẹ́wọ́. Ó lọ pààrọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì.

Wọ́n wọ inú odi. Ṣubúọlá ń wo àwọn ilé onígi dúdú tí wọ́n fi ohun funfun dí àárín igi wọn, ó fọwọ́ kan ọ̀kan, ó ní, "Amọ̀ kọ́ rèé? Bàbá mi ta oko kó lè wó ilé alámọ̀, ẹ̀yin ẹ gbé wa la òkun kọjá wá wò ó." Nosiru ní táìlì ilẹ̀ títì wọn yìí pàápàá kò tẹ́jú, òun ìbá ti tú u. Ó mú wọn yí ìlú náà po lẹ́ẹ̀mẹta lórí odi. Ó ní wọ́n ti yí ọ̀nà padà. Ó ní bóyá ogun ló wó ilé náà.

"Ogun wo?" ni Ṣubúọlá wí. "Láàárín kẹ́ ẹ kúrò níbẹ̀ ká sì ṣègbéyàwó?"

Lẹ́ẹ̀kẹrin, wọ́n yọ sí oríta kan tó kún fún èèyàn, kámẹ́rà lọ́wọ́ kálukú. Ọ̀nà kan gòkè, ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀, ilé yẹ́lò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín wọn, òdòdó lójú fèrèsé.

"Òun nìyẹn!" Ṣubúọlá gbé igbe. "Bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló rí! Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ẹ ti gbàgbé ilé yín!"

Nosiru wo ilé náà. Òun pàápàá kò gbà pé ó wà lóòótọ́ tẹ́lẹ̀.

Ìsàlẹ̀ ilé náà ti di ṣọ́ọ̀bù ọmọláńgidi onígi. Obìnrin kan tó tó ọmọ ọgọ́ta ọdún dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọn eruku. Ṣubúọlá tú òfì ìyá rẹ̀ sílẹ̀, ó tún ìborí rẹ̀ ṣe, ó ń lọ. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ló wà láàárín. Nosiru ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá láti fi sọ̀rọ̀. Ó gbójú sókè, ó ń wo àkùkọ irin kan lórí òrùlé.

Ṣubúọlá kúnlẹ̀ lórí òkúta, orúnkún méjèèjì, láàárín gbogbo èrò yẹn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé aṣọ náà sókè. "Ẹ ṣé o, màmá. Ẹ kú ìtọ́jú ọkọ mi. Ẹni tó bọ́ ọmọ ọlọ́mọ, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ebi pa ọmọ tirẹ̀. Bó bá jẹ́ ìyá yín ló ṣe é, ẹ bá mi kí i. Bó bá ti lọ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Nàbílà, sọ ọ́ fún un."

Nàbílà sọ ìwọ̀nba tó mọ̀, ó ń kólòlò. Obìnrin náà dáhùn, Nàbílà ní kó tún un sọ. Ó wá yíjú sí ìyá rẹ̀. Obìnrin náà ní Hamburg lòun ti wá, ọdún kẹta òun rèé níbí. Lọ́wọ́ ẹni tó fi ilé náà ṣe ibi tí wọ́n ń kó páálí sí lòun ti gbà á. Kò mọ Gẹ́rẹ́tà kankan. Ṣùgbọ́n ó ní aṣọ náà rẹwà, òun dúpẹ́ gan-an, ó sì ti gbé e sí èjìká, ó ń wo ara rẹ̀ nínú gíláàsì.

Ṣubúọlá dìde díẹ̀díẹ̀. Kò gbọn eruku orúnkún rẹ̀.

"Bàbá Nàbílà, ẹ wò mí lójú. Ṣé ilé yìí kọ́ ni, àbí ìlú yìí kọ́ ni?"

Nosiru wú ikọ́. "Ìyá Nàbílà, rántí ohun tí mo sọ. Ọ̀dọ̀ àwọn Jámánì ni mo sọ. N kò fìgbà kan sọ pé ìlú Jámánì. Àwọn èèyàn yín ló…"

"Níbo?"

"Ọ̀dọ̀ àwọn Jámánì náà ni, àwọn gan-an, òyìnbó pọ́ńbélé…"

"Mo ní níbo!"

"Kàlàbá."

"Kàlàbá," ni Ṣubúọlá wí. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

"Ìyá Gẹ́rẹ́tà tí mo ń ṣàdúà fún ńkọ́?"

"Fọ́tò ni." Ohùn Nosiru ti di ti ẹ̀fọn. "Nínú kàlẹ́ńdà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba aṣọ yín padà lọ́wọ́ obìnrin yẹn, ká máa lọ."

Ẹ ò rí i bí ìbẹ̀rù ṣe ń yí èèyàn padà? Òun gan-an ti ń fi "ẹ" bá ìyàwó sọ̀rọ̀.

"A kì í fúnni lẹ́bùn ká tún gbà á," ni Ṣubúọlá wí. "Obìnrin yẹn kò ṣẹ̀ mí. Ìwọ lo ṣẹ̀ mí."

Ìwọ! Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni obìnrin yìí ti fi "ẹ" ń bá a sọ̀rọ̀, níwájú èèyàn, lẹ́yìn èèyàn, nígbà tí inú bá dùn, nígbà tí inú bá bàjẹ́. Nosiru gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó dà bíi pé ẹnì kan yọ àga nídìí rẹ̀.

"Òfì ìyá mi ti lọ," ni Ṣubúọlá ń wí, kò gbóhùn sókè. "Mo fi orúnkún mi gún òkúta fún ẹni tí n kò mọ̀. O dúró síbẹ̀, ò ń wo àkùkọ. Ó dáa. Dọ̀bálẹ̀."

"Ṣubúọlá!"

"Dọ̀bálẹ̀ fún mi."

Nosiru wo ọ̀tún, ó wo òsì. Èèyàn ń bẹ níbẹ̀ bíi ti ọjọ́ ọdún. "Tó bá jẹ́ ẹ̀bẹ̀ ni, màá bẹ̀ ọ́. Jẹ́ ká dé inú kámpà ná."

"Ṣé inú kámpà ni mo ti kúnlẹ̀?"

Nosiru fa ṣòkòtò sókè, ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan ilẹ̀, ó wá na gbalaja sórí òkúta tí kò tẹ́jú, àyà àti irùngbọ̀n. Èrò pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé àwọn ará ìlú náà ló háyà rẹ̀ láti máa dá àwọn àlejò lára yá.

Ó ti ń dìde nígbà tí obìnrin kan láti Japan sún mọ́ wọn, ó tẹríba lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé kámẹ́rà rẹ̀ hàn wọ́n, ó mi ọwọ́ tàánútàánú. Kámẹ́rà náà kò tètè ṣí. Ó fi ìka kan bẹ̀bẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan péré sí i. Nosiru wà lórí orúnkún, ó gbójú sókè wo aya rẹ̀ pé kó bá òun lé e lọ.

Ṣubúọlá sún sẹ́yìn díẹ̀ kó má baà dí obìnrin náà lójú.

"Tún un ṣe," ló wí.